Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Méjì, Ìkòkò Kan: Bí Mo Ṣe Kọ́ Iná NEPA Ní Ọtí Pípọn

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo fẹ́ tún ṣe, n kò ro ti ọtí. Oníbàárà kan ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn, irú èyí tó ń la ẹnu síwájú. Nígbà tí mo tú u, bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jóná, bíárìn rẹ̀ sì ti lọ. Mo sọ iye tó máa ná an, ó wò mí títí, ó ní kí n máa mú un. Bó ṣe di pé ó jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́rin nìyẹn, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi ṣe tábìlì ìjẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé àmàlà lé e lórí, mò ń jẹun, ojú mi bá bọ́ sínú rẹ̀. Agbọ̀n irin tí kì í dípẹtà, tó ní ihò wẹ́wẹ́ yí ká bí asẹ́. Ẹ́límẹ̀ńtì tó ń mú omi gbóná. Pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa omi. Fáàfù tó ń ṣí omi wọlé. Ohun tó ń mọ ibi tí omi ga dé, àti ohun tó ń mọ bó ṣe gbóná sí. Mo ní, kí ló kù nínú ohun tí ìyá mi fi ń pọn ọtí bàbà tí kò sí nínú èyí? Igi ìdáná nìkan ló kù. Ìyá mi pọn ọtí bàbà tà ní Ṣakí kí orúnkún tó dá a dúró. Èmi ni mo máa ń wá igi, èmi ni mo máa ń fẹ́ná, èéfín yẹn ṣì wà lójú mi dòní.

Mo fi omi ṣan ọwọ́, mo gbé súkúrúdíráfà.

Ohun tí mo kó jọ

Ẹ̀rọ kan kò tó. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin kọ̀ńdẹ́mù lẹ́yìn ọjà, mo rí òmíràn tí wọ́n ti yọ mọ́tò rẹ̀ lọ, mo sì rà á ní iye tí kò tó owó ẹ́límẹ̀ńtì tuntun kan. Mo wá ní ẹ́límẹ̀ńtì méjì, 2,000 wáàtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pọ́ọ̀ǹpù méjì, fáàfù méjì, agbọ̀n méjì.

Ìkòkò wá láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń se oúnjẹ òde. Ó ń gba nǹkan bí 100 lítà, irin tí kì í dípẹtà ni, àmọ́ ìrẹsì ìgbéyàwó kan ti jóná mọ́ ọn nídìí débi pé kò fẹ́ rí i mọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi yanrìn àti kàn-ìn-kàn-ìn gbo ó. Agbọ̀n ẹ̀rọ ìfọṣọ wọ inú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n fún ara wọn. Mo so ó kọ́ sórí bóòtù mẹ́ta kí ìdí rẹ̀ má bàa kan ìdí ìkòkò, mo fi àyè bí ìka mẹ́rin sílẹ̀ fún ẹ́límẹ̀ńtì nísàlẹ̀.

Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà lẹ́yìn agbọ̀n tó so ó mọ́ bíárìn. Alumíníọ́ọ̀mù ni. Ọṣẹ ti jẹ ẹ́ títí ó fi ń bù bí ẹfun. Ọtí bàbà sì máa ń kan. Ohun kíkan àti alumíníọ́ọ̀mù kì í ṣọ̀rẹ́. Mo tú bóòtù rẹ̀, mo sọ ọ́ nù. Páìpù kọ́pà inú AC àlòkù náà ń wò mí lójú, mo rò ó pé mo lè fi tu omi ọkà lára, ṣùgbọ́n òróró kọ̀ǹpírésọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára fún ọdún mẹ́wàá. N kò fẹ́ mu ún.

Ohun kan wà tí n kò ra àlòkù rẹ̀: gbogbo ohun tó dúró láàárín èmi àti ikú. Omi, irin àti iná 230 fóòtì nínú ìkòkò kan náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Mo ra bíréékà 20 áḿpù tuntun. Mo ra RCCB tuntun, èyí tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná tó tó 30 mílíáḿpù bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ sílẹ̀. Mo ra wáyà oní-4 mílímítà nítorí pé ẹ́límẹ̀ńtì méjèèjì á fa nǹkan bí 17 áḿpù, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì 13 áḿpù inú ṣọ́ọ̀bù ò lè gbé e. Mo sì gbá irin áàtì wọ ilẹ̀ níbi tí omi ìfọwọ́ ń ṣàn sí, kí ilẹ̀ ibẹ̀ má bàa gbẹ.

Ẹ́límẹ̀ńtì tó mu òjò

Mo bu omi sí i, mo tan án, RCCB já. Mo gbé e, ó tún já. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fo nǹkan yìí kọjá, ẹ́límẹ̀ńtì ń ṣiṣẹ́ kẹ̀.” Mo ní kó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ inú omi yẹn ná, lẹ́yìn náà kí n wá fò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó kúrò níbẹ̀.

Mo tú wáyà, mo gbé mítà sí i: ẹsẹ̀ kan lára pínnì, ẹsẹ̀ kejì lára awọ irin rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, mítà kò rí nǹkan kan, ó dára bẹ́ẹ̀. Ti èkejì, èyí tó ti ọ̀dọ̀ oníkọ̀ńdẹ́mù wá, 6 kílò-ọ́ọ̀mù (ọ́ọ̀mù ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà). Ẹ pín 230 sí 6,000, ẹ óò rí 38 mílíáḿpù tó ń jò, ó ju 30 lọ. RCCB ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo ti na ọwọ́ láti jù ú nù kí n tó rántí. Láàárín wáyà tó ń pọ́n nínú àti awọ irin òde, ìyẹ̀fun funfun kan ló wà níbẹ̀, magnesium oxide. Ó ń gbé ooru kọjá, kì í gbé iná kọjá, àmọ́ bí ẹnu rẹ̀ bá ṣí, ó máa ń fa ọ̀rinrin bí iyọ̀ ṣe ń fà á lásìkò òjò. Ẹ̀rọ yẹn sì ti wà níta lójú òjò fún n kò mọ ìgbà wo. Mo tì í bọ inú ààrò gáàsì ìyàwó mi, mo gbé iná sí bíi díjíìrì 130, mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ó bi mí pé kí ni mò ń yan. Mo ní irin. Kò bi mí mọ́.

Nígbà tó tutù, mo tún gbé mítà sí i. Mítà mi ń ka dé 20 mẹ́gà-ọ́ọ̀mù, kò rí nǹkan kan. Mo fi gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù dí etí pínnì rẹ̀ méjèèjì kó má tún mu omi mọ́. Láti ọjọ́ náà RCCB kò tíì já mọ́.

Ọpọlọ rẹ̀

Bọ́ọ̀dù AC tó ti kú, ibi ìkórè ni. Rílè (síwíìṣì tí iná kékeré ń tẹ̀) tó ń tan kọ̀ǹpírésọ̀ lórí rẹ̀ lè gbé 30 áḿpù, 12 fóòtì sì ni kọ́ìlì rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni ṣíìpù ULN2003 wà, òun ló máa ń gba àṣẹ kékeré, tó sì ń fi jí rílè ńlá. Mo yọ́ léèdì ìdí wọn, mo yọ wọ́n pọ̀. 12 fóòtì àti 5 fóòtì wá láti inú páwá-sọ́pláì kọ̀ǹpútà àtijọ́: ẹ so wáyà àwọ̀ ewé mọ́ dúdú, á jí láìsí kọ̀ǹpútà kankan nídìí rẹ̀. Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń ṣe ohun tí èèyàn bá kọ sínú rẹ̀, nìkan ni mo fowó rà nínú gbogbo ọpọlọ náà, àti ojú gíláàsì kékeré tó ń kọ ìwọ̀n ooru síta.

Sẹ́ńsọ̀ ooru inú ẹ̀rọ ìfọṣọ kò ní ìwé, nítorí náà èmi ni mo kọ ìwé rẹ̀. Mo fọ́ yìnyín pọ̀ mọ́ omi píọ̀ wọ́tà nínú ife, mo tì í bọ̀ ọ́: 16,800 ọ́ọ̀mù. Nínú omi àmù tí gíláàsì tẹmómítà ń ka díjíìrì 27 sí: 4,600. Nínú omi tó ń hó: 360. Bí ooru bá ń gòkè, ọ́ọ̀mù ń wálẹ̀, kì í sì í wálẹ̀ ní gbọọrọ, ó máa ń tẹ̀ ni. Mo tún ka ojú mẹ́rin mìíràn láàárín, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kóòdù, mo ní kí Arduino máa fojú bu àárín wọn. Kò ju ìdajì díjíìrì lọ tó fi ń ṣìnà níbi tí mo ti nílò rẹ̀.

Síwíìṣì omi ni mo fẹ́ràn jù. Kò ní ọgbọ́n kankan nínú. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ inú omi lọ, afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, omi ga, ó ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ti awọ pẹlẹbẹ kan lókè, awọ náà tẹ síwíìṣì, ẹ óò gbọ́ “kẹ́.” Mo gba àárín rẹ̀ mú iná kọ́ìlì rílè ńlá kọjá, n kò jẹ́ kó gba ọ̀dọ̀ Arduino rárá. Bí kóòdù mi bá ya wèrè lóru, tí omi kò sì bo ẹ́límẹ̀ńtì mọ́, rílè ò ní wọlé láéláé.

Fáàfù ẹ̀rọ ìfọṣọ ń fẹ́ kí omi ti òun díẹ̀ kó tó ṣí dáadáa. Tánkì wa wà lórí òpó, omi inú rẹ̀ fi nǹkan bíi mítà mẹ́rin ga ju fáàfù lọ, ìyẹn sì tó. Ó lọ́ra, àmọ́ ó ń ṣí.

Mo fi omi lásán dán an wò lóru ọjọ́ kan, níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tí iná wa ń ṣe. 35 lítà omi láti díjíìrì 27 dé 72 yẹ kó gba ìṣẹ́jú 27 bí iná bá pé 230 fóòtì. Ó gba 45. Mo gbé mítà sí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì: 180. Àìpé 50 fóòtì kò dún bí ohun ńlá létí, àmọ́ agbára ẹ́límẹ̀ńtì ń lọ ní ìlọ́po fóòtì sí fóòtì, 4,000 wáàtì mi ti di 2,450. Mo pa gbogbo ibi tí mo ti kọ “dúró fún ìṣẹ́jú báyìí” rẹ́ nínú kóòdù, mo kọ “dúró títí ooru yóò fi dé ibí.” Ẹni tó bá fi aago nìkan pọntí pẹ̀lú iná wa, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló máa mu.

Ọtí àkọ́kọ́

Ọkà bàbà pupa, kílò mẹ́jọ. Mo rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan pẹ̀lú ìyípadà omi, mo da á sórí àpò, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, mò ń wọ́n omi sí i. Ọjọ́ kẹrin ó ti yọ irùngbọ̀n. Mo sá a gbẹ, mo fi ọwọ́ gbo gbogbo irùngbọ̀n àti èéhù rẹ̀ kúrò, mo fẹ́ ẹ. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn. Èéhù ọkà bàbà ní ohun kan nínú tó ń di sáyánáìdì. Òun náà ló wà nínú ewé rẹ̀ tútù tó ń pa màlúù. Lẹ́yìn náà mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, mo ní kó lọ̀ ọ́ gbẹrẹfu.

Mo fi aṣọ asẹ́ ògì tẹ́ inú agbọ̀n nítorí ihò rẹ̀ tóbi jù. Mo da ọkà sí i, mo tẹ bọ́tìnnì. Ètò tí mo kọ sínú Arduino, ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń fi ọkà báálì pọn bíà nílé ni mo ti rí i: kí omi dé díjíìrì 66, kó dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan, kí pọ́ọ̀ǹpù máa fa omi ìsàlẹ̀ dà sórí ọkà léraléra. Mo jókòó, mo ká apá, inú mi dùn bí ẹni tó ra ilé.

Ìṣẹ́jú 20, pọ́ọ̀ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Ìṣẹ́jú 25, ó dákẹ́. Èèpo ọkà ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ sì gbóná débi pé n kò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀bi mi ni. Pọ́ọ̀ǹpù ìdaminù ni, ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta ni wọ́n ṣe é fún, kí ó ṣiṣẹ́ kó sì sinmi, kì í ṣe kó máa sáré kiri bí ọmọ ọ̀dọ̀.

Òórùn ló tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ti gbàgbé ẹ̀kọ lórí iná rí mọ òórùn yẹn. Mo gbé agbọ̀n sókè, mo na tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀: ẹ́límẹ̀ńtì méjèèjì ti wọ ẹ̀wù dúdú. Ìyẹ̀fun tó yọ́ gba aṣọ asẹ́ kọjá ti lẹ̀ mọ́ wọn, ó ti jó di èédú.

Mo ní ó kéré tán kí n wo omi rẹ̀. Mo ti yá háídírómítà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe wúwo sí, lọ́wọ́ oníbátìrì àdúgbò wa, kò wúlò: ásíìdì ni wọ́n ṣe é fún, 1.100 ni ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo bá lo ọgbọ́n mìíràn. Lítà kan omi lásán, 1,000 gíráàmù ni lórí òṣùwọ̀n ìdáná. Bí ṣúgà bá wà nínú rẹ̀, á wúwo jù bẹ́ẹ̀. Omi ọkà mi: 1,014. Omi tí wọ́n fi ṣan ife tíì sàn jù ú lọ. Mo kán áyódíìnì tí wọ́n fi ń pa egbò sí i lórí àwo funfun, ó dúdú bíi tàdáwà lójú ẹsẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ìyẹ̀fun, kò di ṣúgà.

Mo dà á fún ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò.

Ohun tí màmá mi bi mí

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó pe Ṣakí. Ojú ń tì mí.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá.”

“Àkànní, o kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní o ń fi ẹ̀rọ ìfọṣọ pọntí.”

N kò bi í ta ló sọ. Mo ro ẹjọ́ fún un, láti orí ọkà dé orí òórùn. Ó gbọ́ mi tán.

“Ṣé o da ojú omi rẹ̀ sọ́tọ̀?”

“Ojú omi wo, Màmá?”

“Háà! Ìwọ tó dúró tì mí látọdún gbọọrọ yẹn. Tí a bá po ọkà mọ́ omi lọ́wọ́ọ́wọ́, tó tòrò, kí la máa ń bù kúrò sínú ìkòkò kejì?”

“Omi ojú rẹ̀ ni, mà.”

“Èyí tó rọ̀ sísàlẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ máa ń gbé e kaná.”

“Ó di ìgbà tó bá jinná, tó sì rọlẹ̀ tán, ká tó dá omi yẹn padà sí i. Ìwọ wá se gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kọ lò ń sè, ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni kì í mu ẹ̀kọ yó.”

Mo lọ wo ohun tí àwọn onímọ̀ sọ, ohun kan náà ni wọ́n sọ pẹ̀lú ariwo púpọ̀. Ohun tó ń sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà nínú ọkà tó hù, ẹ́ńsáìmù, ń yọ́ wọ inú omi nígbà tí omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí ooru bá ju díjíìrì 65 lọ dáadáa, apá kan rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù máa ń kú. Ìyẹ̀fun báálì máa ń tú ní bíi díjíìrì 60 sí 65, ẹ́ńsáìmù rẹ̀ sì wà láàyè láti bá a. Ìdí nìyẹn tí ooru kan ṣoṣo fi tó fún àwọn òyìnbó. Ìyẹ̀fun ọkà bàbà kì í tú títí á fi kọjá bíi 70. Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá fi máa ṣí, àlejò ti kú sẹ́nu ọ̀nà. Àfi kí èèyàn kó àlejò lọ síbi tó tutù ná, kó lọ fi iná ṣílẹ̀kùn, kó tó wá pè é wọlé.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó báálì híhù wọ Nàìjíríà lọ́dún 1988, tí àwọn iléeṣẹ́ bíà ńlá yí sí ọkà bàbà àti àgbàdo, wàhálà yìí kan náà ni wọ́n bá pàdé. Tiwọn, wọ́n fi ẹ́ńsáìmù àrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n rà kún un. Tàwọn màmá mi, ìkòkò kejì ni.

Àtúnṣe

Ohun àkọ́kọ́ ni ibi tí ojú omi yóò máa dúró sí: kúlà aláwọ̀ búlúù kan tí ìdérí rẹ̀ ti ṣẹ́, mo gbé e sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Pọ́ọ̀ǹpù kan ń gbé omi láti ìkòkò lọ sí kúlà, èkejì ń dá a padà. Mo ti kọ́kọ́ rò pé fáàfù kejì á ṣe iṣẹ́ ìdápadà yẹn fúnra rẹ̀ nítorí kúlà wà lókè, kò ṣí. Àga kì í ṣe òpó tánkì, omi kò ní agbára láti ti awọ inú rẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù kò wá ní ju ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta lọ láti ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Mo tún fi asẹ́ kékeré sẹ́nu rẹ̀.

Ti ẹ́límẹ̀ńtì tó ń jó ìyẹ̀fun ló gbà mí lọ́kàn jù. Wọn kò gùn, agbára púpọ̀ ló fún mọ́ wọn lára, omi lásán ló sì lè fara dà á. Mo ronú ríra ẹ́límẹ̀ńtì gígùn tuntun, owó rẹ̀ lé mi sẹ́yìn. Ó wá di òru ọjọ́ kan tí mo dùbúlẹ̀, ọkàn mi ní kí n so wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Bí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 230 fóòtì tirẹ̀, àpapọ̀ 4,000 wáàtì. Bí iná bá gba inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, wọ́n á pín 230 náà sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa ṣe 500 wáàtì péré. Ìdá mẹ́rin ooru lójú awọ kan náà. Mo yọ rílè méjì onílé méjì láti inú sitebiláísà tó ti kú, mo fi wọ́n ṣe ìyípadà náà: ẹ̀gbẹ́ ara wọn nígbà tí a bá ń gbé omi gbóná, títẹ̀lé ara wọn nígbà tí ọkà bá wà níbẹ̀. Mo yà á sórí ìwé nígbà mẹ́ta kí n lè rí i dájú pé bí rílè kan bá yí tí èkejì há, iná kò ní pàdé ara rẹ̀. Ní ti kóòdù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa rílè ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kí àwọn kékeré tó yí. Bí wọ́n bá yí pẹ̀lú iná lára, wọ́n á ta iná wọ́lọ́wọ́lọ́, ẹnu wọn á sì jó mọ́ra.

Ó ku ẹni tí yóò máa rò ó. Mo ra mọ́tò wáípà tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò, mo gbé e sórí pákó tó dábùú ẹnu ìkòkò, mo ní kí wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ méjì mọ́ ọ̀pá kan fún un. Ọmọrogùn ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè é. 12 fóòtì mú un yára jù, ó ń ta ọkà síta. Mo gbé e sórí 5 fóòtì, ó rọlẹ̀ bí ìyàwó tuntun tó ń ro ọkà níwájú ìyá ọkọ. Ìgbà tí ọkà bẹ̀rẹ̀ sí í ki, mọ́tò fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, páwá-sọ́pláì pa ara rẹ̀, Arduino náà bá a sùn. Mo wá páwá-sọ́pláì kejì fún mọ́tò nìkan. Ẹni tó ń ro ọkà kò yẹ kó máa jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń ronú.

Lẹ́yìn èyí mo tú ẹ̀yìn ààrò gáàsì àlòkù kan, mo fi òwú rẹ̀ di ìkòkò lára yí ká.

Ọtí kejì

Kílò mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan sí i, 30 lítà omi. Díjíìrì 45, ìṣẹ́jú 40, ọmọrogùn ń yí wúyẹ́wúyẹ́. Ó dúró, ọkà rọ̀, omi ojú rẹ̀ tòrò, ó pọ́n díẹ̀ bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Pọ́ọ̀ǹpù gbé 18 lítà lọ sínú kúlà. Fáàfù ṣí, omi tuntun 8 lítà wọlé. Mo gbọ́ kẹ́, kẹ́ àwọn rílè kékeré, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀.

Ní díjíìrì 71 ni NEPA mú iná lọ.

Mo ti retí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni Arduino ń kọ ibi tó bá iṣẹ́ dé sínú EEPROM rẹ̀, níbi tí nǹkan kì í ti í parẹ́ bí iná bá lọ. Mo gbé àga síta, mo ń wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Iná dé lẹ́yìn wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ojú gíláàsì tàn, ó kọ díjíìrì 66, ó sì kọ “ìpele 3,” bí ẹni tó kàn lọ tọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Nǹkan bí díjíìrì 75, ohùn mọ́tò wáípà yí padà. Ó wúwo, ó ń mí helehele. Mo ṣí ìdérí wò: ọkà tí ń ṣe wàràwàrà tẹ́lẹ̀ ti dì, ó ń dán, ó ń yọ ìfófò ńlá tó ń bẹ́ pọ̀ọ̀. Ìyẹ̀fun ń tú. Ní ìgbà àkọ́kọ́ n kò rí ohun tó jọ ọ́. Ó dé 90, ó lo ìṣẹ́jú 45 níbẹ̀. Òórùn ẹ̀kọ ni, kò sí ti èédú nínú rẹ̀.

Mo ti ṣírò rẹ̀ lórí ìwé pé bí ti ìkòkò bá rọlẹ̀ sí 84, tí a dá ti kúlà sí i, wọ́n á pàdé ní 65. Wọ́n pàdé ní 64. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun tó dì bí ẹ̀kọ tú pátápátá, ó di omi, mọ́tò wáípà fúyẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ wá wò ó. Mo kán áyódíìnì lẹ́yìn wákàtí kan: àwọ̀ rẹ̀ ni, pípọ́n rúsúrúsú, kò dúdú. Mo wọn lítà kan: 1,044 gíráàmù. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn bí omi ìrèké.

Mo fa agbọ̀n sókè, mo jẹ́ kó ro tán, mo sè é fún wákàtí kan. Nǹkan bí 28 lítà ló kù. Ẹ́límẹ̀ńtì dọ̀tí díẹ̀, àmọ́ kàn-ìn-kàn-ìn lásán nù ún kúrò. Ó tutù mọ́jú nínú ọpọ́n omi. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tí obìnrin ọlọ́tí kan fún mi nínú ìgò ni mo fi ṣe ìwúkàrà rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti ń hó kọjá ẹnu kẹ́ẹ̀gì.

Mo rọ lítà márùn-ún sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré, mo gbé e lọ sí Ṣakí lópin ọ̀sẹ̀. N kò dé é pa, nítorí ó ṣì ń mí. Màmá mi fi igbá gbà á, ó fẹ́ ojú rẹ̀, ó mu ẹnu kan, ó gbé e mì, ó dákẹ́. Ó tún mu.

“Kò rùn èéfín,” ló sọ.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Bí kò bá rùn èéfín, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ọtí ilé wa ni?”

Ó mu igbá náà tán, ó ní kí n bu òmíràn. Mo ti wá ń wo agbọ̀n kejì tó ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù báyìí. Bí mo bá gbé e ka orí èédú díẹ̀, tí mo sì da ọkà híhù sínú rẹ̀ kí n tó lọ̀ ọ́, tí mọ́tò wáípà ń yí i díẹ̀díẹ̀ lórí èéfín. Mọ́tò nìyẹn, mo ṣì ní ọ̀kan.